Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ilé Màmá

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá kán, gbogbo ẹnu ló sọ pé àbúrò ló kán an, bẹ́ẹ̀ àbúrò kò sí nínú mọ́tò. Ó wà ní ìsàlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì bàbá wọn, ó ń fọ òróró kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ló wà nídìí sítíárìn jíípù àtijọ́ náà, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti ilé tó wà lórí òkè. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, bíréèkì kọ̀, jíípù já lọ, ó sì lọ fi imú gún ògiri ilẹ̀ tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá tẹ́ Màmá sórí pákó, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò dúró ti mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má baà tú nǹkan lára rẹ̀. Àwọn èèyàn yìn ín fún ìyẹn. Wọ́n ní ọmọ tó ní làákàyè ni.

Nígbà tí bàbá wọn dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí abẹ́ mọ́tò. Nọ́ọ̀tì tó di páìpù bíréèkì mú ní ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ti tú, òróró bíréèkì ti ṣàn sínú erùpẹ̀. Ta ló ṣe bíréèkì jíípù láàárọ̀ ọjọ́ náà? Àbúrò ni. Ta ló sọ pé òun ti ṣe é tán, kí wọ́n máa gbé e lọ? Àbúrò náà ni. Bàbá wọn ránṣẹ́ pè é, ó mú un lọ́rùn ẹ̀wù, ó tẹ orí rẹ̀ sábẹ́ mọ́tò.

"Wò ó! Fi ojú rẹ méjèèjì wò ó!"

Ó wò ó. Nọ́ọ̀tì náà tú lóòótọ́. Ó fi ìka kàn án, ó ń yí gbiri bí ìdérí ìgò.

"Má fọwọ́ kan bíréèkì ọmọ èèyàn mọ́ láyé rẹ," ni bàbá wọn wí. Kò yí ọ̀rọ̀ náà padà títí ó fi kú.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọwọ́ àbúrò rántí pé òun di nọ́ọ̀tì náà. Ọwọ́ mẹ́káníìkì máa ń rántí. Ó rántí bí sípánà ṣe dé ibi tí kò lọ mọ́. Ó rántí pé òun tún fi ara tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé òun wọlé jókòó, òun tẹ bíréèkì, ó sì le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nọ́ọ̀tì tó tú. Èwo ni kéèyàn gbà gbọ́ nínú méjèèjì, ọwọ́ ni àbí ojú? Ìbéèrè yẹn ló ń bá a sùn, òun ló ń bá a jí, títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Ó fi iṣẹ́ mẹ́káníìkì sílẹ̀, ó di oníṣẹ́ táyà. Ó ní ohun tó dáa lára táyà ni pé kò ní bíréèkì nínú. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Kògbàgbé, nítorí kò sí ohun tí èèyàn ṣe fún un tí kì í rántí. Ó mọ ẹni tó jókòó sórí fìlà rẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan, bẹ́ẹ̀ tọkọtaya ọjọ́ náà ti ní ọmọ-ọmọ. Bó bá sì di nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò tán, yóò tún padà di í. Oníbàárà á ti wọlé, á ti ṣíná, Kògbàgbé á ní kó pa á, òun fẹ́ tún un wò.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí táyà yìí tú mọ́ títí ayé ni?"

"O ti sọ ọ́," ni yóò fèsì, yóò sì tún wọ́ sípánà.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ó ń kí i níbi tí ẹbí bá ti pàdé. Ó ń pè é ní "ẹ", kò sọ pé "ìwọ" sí i rí, torí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ṣùgbọ́n "Bọ̀dá" tó máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ó ti gbé e mì. Láti ọjọ́ jíípù, ọ̀rọ̀ náà kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ti Màmá ló ń dùn ún jù. Màmá ń bá a ṣeré, ó ń gbàdúrà fún un, ó ń wọ aṣọ tó bá rà fún un. Àmọ́ bó bá ti di ọ̀rọ̀ mọ́tò, ìyá náà á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá gbọ́ pé Kògbàgbé ni, bó tiẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló fi sí i, á gbá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú, á rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, ọkọ mi. Jẹ́ kí n máa fi èyí tó kù rìn."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ohun tó jẹ́ kó máa gún Kògbàgbé lọ́kàn nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé, pé kí ìyá òun wọ mọ́tò tí ọwọ́ òun kàn, kí àyà rẹ̀ má já, kí àwọn méjèèjì tó kúrò lókè eèpẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fọn afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́, nígbà tí mọ́tò ńlá dúdú kan yà wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò náà ń dán débi pé ó rí ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, àtòun àtàpótí. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kògbàgbé, ó ń fọn lórí ilẹ̀ bí ejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yà sí ṣọ́ọ̀bù yìí rí. Bí táyà rẹ̀ bá jò níwájú ibẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wọ́ ọ lọ sí òdìkejì ìlú.

"Ẹ káàárọ̀." Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìlàjì, irú èyí tí àyà kì í kan ilẹ̀.

"Káàárọ̀. Ṣé o jí dáadáa?"

"A dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n ń wo òkè bí ẹni pé òjò ló bá wá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bẹ́ sílẹ̀ láti òdìkejì. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ìgbàlódé ṣe, níbi tí wọ́n ti ń fi wáyà so mọ́tò mọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mọ ibi tó ń dùn ún. Kògbàgbé ń pè é ní Ẹnjiníà. Òun nìkan ló ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

"Bàbá Kékeré mi! Ẹ má wò wá bí ẹni tó rí òkú tó jí. Táyà la wá rà."

"Ṣé àwọn tó ń ta táyà nílùú ti kú tán ni?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ní mẹ́rin irú eléyìí. Mo ti béèrè kiri."

"Mẹ́rin kẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n fò sí i. "Ọ̀kan ló bẹ́! Wọ́n sì ti bá mi fi òmíràn sí i lẹ́bàá ọ̀nà!"

Kògbàgbé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ iwájú náà. "Ó ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ṣebí ó ń yí? Kí ló wá kù?"

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn!" ni ẹ̀gbọ́n kígbe.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan kẹ́yìn? Ojú tì wọ́n, kálukú sì gbójú síbòmíràn. Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò mọ irú ohun tó wà níwájú yín. Bàbá Kékeré, ẹ rántí jíípù Bàbá Àgbà? Ṣebí ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa fà kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa ṣiṣẹ́?"

Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ jíípù yẹn níwájú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n fi bàtà rẹ̀ ta òkúta kan. Ọmọ náà kò fura, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Èyí ò ní ọ̀pá. Ẹsẹ̀ iwájú ló sábà ń fà á. Ṣáfútù kan, irin gígùn tó ń yí, gba abẹ́ ẹ̀ lọ sẹ́yìn, àwọn páànù irin pẹlẹbẹ sì wà nídìí ẹ̀, wọ́n tò léra bí abọ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀, kọ̀ǹpútà á tẹ àwọn páànù yẹn mọ́ra, agbára á bá ibẹ̀ lọ, tẹ̀yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bí ilẹ̀ bá ti dáa, á dẹ̀ wọ́n. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ ní mọ̀."

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń yọ̀? Ṣé ó lójú ni?"

"Etí ló ní." Ó nawọ́ sẹ́yìn táyà, ó fi wáyà dúdú tín-ín-rín kan hàn án. "Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ohun tó wà lórí wáyà yìí ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yára yí, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà. Táyà tó bá ga, yíyí ẹ̀ ò lè bá tàwọn yòókù mu. Kọ̀ǹpútà á ní ilẹ̀ ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò yọ̀. Á máa tẹ páànù mọ́ra ṣáá, wọ́n á máa ha ara wọn títí wọ́n á fi jó. Òun ló jẹ́ kí iná ìkìlọ̀ kan tàn níwájú Dádì látàná."

Ẹnu ya Kògbàgbé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ mọ́tò, kò mọ̀ pé ó ti di ohun tó ń gbọ́ràn.

"Màmá la fẹ́ lọ gbé," ni Ẹnjiníà wá wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Wọ́n fẹ́ ká ohun funfun tó bo ojú wọn kúrò. Òní ni dókítà ní ká wá. Ọ̀nà òkè yẹn ti di ẹrẹ̀, kò sí mọ́tò míì tó lè gùn ún."

Kògbàgbé dìde. Ó gbé jáàkì. Ó tú táyà kan, ó fi tuntun sí i, ó di nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó tún un dì, ó bọ́ sí èkejì. Nígbàkigbà tó bá tú ẹsẹ̀ kan, bíréèkì á yọ síta níwájú rẹ̀, yóò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ kan iná. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ti ṣíná.

"Ó ti tó!"

"Èmi ni mo máa mọ ìgbà tó tó," ni Kògbàgbé dá a lóhùn láìgbójú sókè, ó sì tún yí gbogbo rẹ̀ po.

Ẹnjiníà ló fi dandan lé e pé kó bá wọn lọ, kó lè bá wọn gbé Màmá, torí ẹ̀yìn ń dun bàbá òun. Kògbàgbé ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí mọ́tò tí òun fọwọ́ kàn bá máa gbé ìyá òun, ó yẹ kí òun náà wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀ lójú òun lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀nà òkè náà jẹ́ amọ̀ pupa, òjò sì ti gé ojú rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ẹsẹ̀ iwájú yọ̀, ó ń yí lórí ibì kan, ẹrẹ̀ ń ta sójú gíláàsì. Kògbàgbé ti di ilẹ̀kùn mú. Ó mọ ohun tó kàn: mọ́tò á yọ̀ padà sẹ́yìn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa wá òkúta. Ṣùgbọ́n lójijì, nǹkan kan ti mọ́tò náà láti ẹ̀yìn, àfi bíi pé àwọn ọkùnrin alágbára wà níbẹ̀ tí wọ́n fi èjìká tì í. Kògbàgbé yíjú wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Mọ́tò ń gun òkè lọ wẹ́rẹ́.

"Háà!"

"Páànù ti mọ́ra nìyẹn," ni Ẹnjiníà wí.

"Ta ló fa nǹkan kan? Mi ò rí ẹni tó fa nǹkan kan!"

"Mi ò fa nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n fèsì pẹ̀lú ìgbéraga, bíi pé òun ló kan mọ́tò náà.

Màmá ti múra sílẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwọ̀sánmà funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbé e, wọ́n rọra gbé e jókòó síwájú. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ó na ọ̀pá dí i.

"Ta ló fọwọ́ kan mọ́tò yìí?"

Kògbàgbé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá Kékeré ló fi táyà sí i, Màmá," ni Ẹnjiníà sọ. "Mo dúró tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n dì í débi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ tú u, á kọ́kọ́ lọ jẹun."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ojú ni mo ń wá," ló sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ká máa lọ."

Ohun tí Kògbàgbé ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ti ṣẹ ní ìlàjì, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn, torí àyà ìyá rẹ̀ ṣì ń já. Ó jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. Ó mọ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣe mọ́tò yìí lónìí, kò sẹ́ni tó máa tún béèrè ẹni tó ṣe é.

Níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Ẹnjiníà na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya mọ́tò kékeré tó doríkodò sí. Iná aláwọ̀ ewé kan tàn níwájú dírẹ́bà.

"Dádì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì."

"Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ fi jíà síbi tó wà, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ kàn máa darí sítíárìn. Ó máa mú ara ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹsẹ̀ nínú pàkúté. Mọ́tò náà kò sáré. Ó ń sọ̀ bí ẹni tó gbé omi sórí, ẹ́ńjìnì ń kùn lábẹ́lẹ̀, nǹkan kan sì ń dún kàkàkà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn.

"Jésù! Kí ló ń jẹ mọ́tò?" ni Màmá kígbe.

"Bíréèkì ni, Màmá. Etí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ bó ṣe ń yí. Èyí tó bá fẹ́ sá lọ, kọ̀ǹpútà á fún bíréèkì tiẹ̀ nìkan, á dẹ̀ ẹ́, á tún fún un, kíákíá báyìí. Ẹ́ńjìnì náà ń fà á sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn ò lè fún ẹsẹ̀ mọ́tò níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń tẹ gbogbo ẹ̀."

Kògbàgbé yọ ọrùn síwájú, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Méjèèjì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ó wo ojú ọ̀nà tó dà wálẹ̀ níwájú wọn, ó tún wo ẹsẹ̀ náà. Bí irú èyí bá ti wà nígbà náà, ta ni ì bá di Kògbàgbé?

Wọ́n sọ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ariwo kàkàkà náà kò bá ẹ̀gbọ́n lára mu.

"Ó ń jẹ bíréèkì mi," ló ń kùn. "Gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí sítíárìn. Kò wo ibi tí ọwọ́ náà ń lọ, kò sí ẹlòmíràn tó wò ó. Jíà dún kẹ́.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Kàkàkà dákẹ́, kíkùn ẹ́ńjìnì dákẹ́. Iná aláwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kù tó ń súfèé lójú gíláàsì, súfèé náà sì ń ga sí i. Ilẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ wọn.

"Ìdákẹ́jẹ́ yìí!" Ohùn tó jáde lẹ́nu Màmá kì í ṣe ohùn arúgbó. "Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí! Bó ṣe dákẹ́ nìyí!"

Ẹ̀gbọ́n gbá bíréèkì mọ́lẹ̀. Táyà ń yọ̀ lórí amọ̀, imú mọ́tò ń yà sí òsì. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wá kílọ́ọ̀ṣì bíi ti mọ́tò àtijọ́, ó ń tẹ ilẹ̀ gbà-gbà-gbà níbi tí kílọ́ọ̀ṣì kò sí. Kògbàgbé rí ògiri ilẹ̀ náà, ògiri yẹn kan náà, tó ń bọ̀ wá pàdé wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: wọ́n á tún ní èmi ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìyá rẹ̀ mọ́ àga láti ẹ̀yìn.

Ẹnjiníà ti já sáàárín àga méjèèjì. Ó gbá jíà padà sí ipò rẹ̀.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò! Dádì, ẹ gbé e kúrò!"

Ó gbé e kúrò. Ẹ́ńjìnì hó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni kàkàkà náà dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń fún ẹsẹ̀ yìí, ó ń fún tọ̀hún. Imú mọ́tò padà sójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ó fà, ó fà, ó wá ń rìn bí arúgbó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wá rọra tẹ bíréèkì, ó dúró jẹ́ẹ́. Bí èèyàn bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, yóò kan ògiri náà.

Amọ̀ kan já lára ògiri, ó bọ́ sórí mọ́tò.

"Mi ò..." Ẹ̀gbọ́n nawọ́ síta. "Táyà yẹn ni. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé táyà tó fi sí i yẹn..."

"Dádì." Ọwọ́ Ẹnjiníà ṣì wà lórí jíà. "Táyà wo? Ẹ yọ jíà kúrò, ẹ fi sí fíríì. Èmi ni mo dá a padà. Ọwọ́ mi ló dá a padà báyìí!"

"Ṣé kò yẹ kí mọ́tò sinmi ni? Gbogbo wa tá a ti ń wakọ̀ lórí òkè yìí, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó bá ti ń sọ̀, wàá fi sí fíríì, epo ò ní lọ, ẹ́ńjìnì á sinmi. Dírẹ́bà tó bá mọṣẹ́ ló ń ṣe é!"

"Bó bá sì ti wà ní fíríì, kò sóhun tó ń fà á sẹ́yìn mọ́! Ohun tó ń mú un sọ̀ jẹ́jẹ́ náà tú ọwọ́ ẹ̀ ni. Bíréèkì nìkan ló kù tó máa ru gbogbo ẹ̀, á gbóná, á sì kọ̀."

"Láti ìgbà wo?" ni Màmá béèrè.

Wọ́n yíjú sí i. Ojú funfun rẹ̀ ń wo iwájú, kò wo ẹnì kankan.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é? Mo bi ọ́. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi kán, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ, jíípù ń pariwo, mo ń lọgun kó o lè gbọ́ mi. Ó wá dákẹ́ lójijì. Mo ní ẹ wò ó, ohùn mi ti wá ròkè jù. Lẹ́yìn ìyẹn ló já. Mo sọ ọ́ fún bàbá yín, ó ní orí mi ló fọ́. Ṣé páìpù bíréèkì ló ń mú kí ẹ́ńjìnì dákẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n gbé orí lé sítíárìn.

"Dá mi lóhùn! Ṣé o fi sí fíríì lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo fi sí i, Màmá." Kò gbé orí sókè. "Mo fi sí fíríì láti òkè. Mo ń tẹ bíréèkì bọ̀, ó gbóná, ó ń rùn, mo tẹ̀ ẹ́ kò mú mọ́."

Kògbàgbé jókòó bí igi. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ ló gbọ́ yìí, àmọ́ kò rí ibi tó máa gbé e sí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, nọ́ọ̀tì yẹn ni kò jẹ́. Ó ṣì ń rí i, ó ń yí gbiri lábẹ́ ìka rẹ̀. Bí bíréèkì bá tiẹ̀ gbóná tó kọ̀, èwo ni ti nọ́ọ̀tì tó tú? Bóyá òun náà jẹ̀bi ṣá. Bóyá ọwọ́ òun ti ń purọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí wá. Ìbéèrè náà ń bà á lẹ́rù ju ògiri lọ, ó sì bi í.

"Nọ́ọ̀tì ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n tún tẹ orí mọ́ sítíárìn.

"Mo fi ọwọ́ mi kàn án. Ó tú. Bàbá tẹ orí mi síbẹ̀. Bọ̀dá mi, nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́?"

Èjìká ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì nígbà tó gbọ́ "Bọ̀dá". Ẹnjiníà bo ẹnu rẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ rí i, òun tí kò ríran.

"Wọ́n gbé mi lọ," ni Màmá wí díẹ̀díẹ̀, "ìwọ sì dúró ti mọ́tò."

"Màmá..."

"Ìwọ nìkan ló dúró ti mọ́tò. O ní kẹ́nikẹ́ni má baà tú nǹkan lára ẹ̀."

"Ẹ̀rù Bàbá ló bà mí. Bàbá á lé mi. Bàbá á ní mo pa yín..."

"Mi ò béèrè ẹni tó bà ọ́ lẹ́rù. Ta ló tú u? Gbé orí sókè, kí o sọ ọ́ kí àbúrò rẹ gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó wo ojú Kògbàgbé, kò gbé ojú kúrò.

"Èmi ni mo tú u. Ó há. O dì í débi pé sípánà ò lè yí i. Òkúta ni mo fi ń lu sípánà, mo lù ú, mo lù ú, kó tó gbà fún mi. Kò sí ohun tó ṣe bíréèkì tó o ṣe. Èmi ni mo tú u."